Jẹ́ Kó Fẹsẹ̀ Tẹlẹ̀ Ná

Káfíńtà ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkọ mi. Ọdún kẹrìnlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń gbé nílé rẹ̀, mi ò sì tíì rí ohun kan tó dè tó tú. Ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wa fún débi pé àlejò ti há sínú rẹ̀ rí, ayùn la fi yọ ọ́ jáde. Bí mo bá ń bá a sọ̀rọ̀, ẹ̀yin ni mo fi ń bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n inú ìwé la wà yìí, kò sì gbọ́ ohun tí mò ń sọ.

Òfin kan ló fi ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tó ti gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀: nǹkan kì í kúrò lórí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé gbogbo oríkèé rẹ̀ ti fún. Àga tó bá ṣì ń mì, orí tábìlì ló máa sùn. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ti dá ilé iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀, òfin yẹn náà ni wọ́n ń lò. Èmi tí mo jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, mo fẹ́ràn òfin, mo sì gbà pé èyí dára. Ó dára lóòótọ́, àfi ọjọ́ Sátidé kan báyìí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló tọ́ ọ dàgbà. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí ìyá wọn kú, Ẹ̀gbọ́n sì jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ ni. Ṣòkòtò àwọn ọmọ ilé ìwé ni wọ́n kọ́kọ́ ń rán, ara àbúrò wọn yìí ni wọ́n sì fi ń wọn gbogbo rẹ̀. Wọ́n á ní kó dúró sórí sìmẹ́ńtì, wọ́n á kúnlẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, abẹ́rẹ́ á wà lẹ́nu wọn. "Fẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀," ni wọ́n máa ń wí. Bó bá fi ẹsẹ̀ kan dúró, tàbí tó ń fò sókè bí ọmọdé ti ń ṣe, Ẹ̀gbọ́n ò ní ká etí ṣòkòtò náà, kódà kí oníbàárà ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ọkọ mi sọ fún mi pé ohun tó jẹ́ kóun yan iṣẹ́ káfíńtà nìyẹn: igi ló ń dúró jẹ́ẹ́ fún káfíńtà, kì í ṣe káfíńtà ló ń dúró jẹ́ẹ́ fún igi.

Ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún ṣáájú Sátidé yẹn, Ẹ̀gbọ́n gun àpótí láti mú aṣọ lórí pẹpẹ nílé wọn. Àpótí yẹ̀, wọ́n ṣubú, egungun ìbàdí wọn sì kán. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni wọ́n. Ọkọ̀ wa la fi gbé wọn lọ sílé ìwòsàn, ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ náà méjèèjì sì ti kú tipẹ́. Gbogbo kòtò tó bá bọ́ sí, á dún gbì, ìdí ẹni tó jókòó á sì mọ̀ ọ́n. Àwa ti mọ̀ ọ́n lára, a kàn máa ń di ilẹ̀kùn mú ni. Ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà tó gba iwájú ibi tí wọ́n ti ń ṣe bíríkì, níbi tí ọkọ̀ akóyanrìn ti hú ọ̀dà tán, Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Obìnrin tí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ti gún ìka wọn já rí tí wọn ò wí nǹkan kan, wọ́n ké títí ohùn wọn fi há. Ọkọ mi ò lè dúró, kò sì lè sáré. Láti ọjọ́ náà, bí a bá ti ń gba ibẹ̀ kọjá, kì í bá mi sọ̀rọ̀ títí a ó fi dé òdìkejì.

Iṣẹ́ abẹ lọ dáadáa, egungun sì bẹ̀rẹ̀ sí í so. Káfíńtà wá dojú kọ yàrá tí àwọn ọmọ wa fi sílẹ̀. Ó gé ẹsẹ̀ ibùsùn kúrú kí Ẹ̀gbọ́n lè fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ bí wọ́n bá jókòó. Ó fi igi dídán ṣe ohun ìdìmú sára ògiri láti ibùsùn dé ilé ìwẹ̀. Ó lọ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ wọn wá, ó gbé e síbi fèrèsé níbi tí ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ ti ń wọlé. Lójoojúmọ́ ló ń lọ fọwọ́ pa igi yẹn wò bóyá ó ti dán tó.

Àfi bí Ẹ̀gbọ́n ṣe pè wá sẹ́bàá ibùsùn wọn lọ́jọ́rú tó ṣáájú Sátidé yẹn.

"Kékeré," wọ́n ní. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. "Mo mọ̀ pé o ti tún yàrá ṣe. O ṣeun, ọmọ ìyá mi. Ṣùgbọ́n mi ò lè wọ ọkọ̀ yẹn gba ọ̀nà yẹn mọ́. Mo ti ní kí wọ́n kọ orúkọ mi sílé àwọn arúgbó tó wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn yìí. Kẹ̀kẹ́ ni wọ́n á fi tì mí débẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n á máa tọ́jú yín bí àlejò ni. Ilé wà."

"Ilé wà, ọ̀nà ni ò sí."

Ọkọ mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún òun títí di ọjọ́ Mọ́ńdè tí wọ́n fẹ́ dá wọn sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà náà gbà, ó ní àwọn ò ní fún ẹlòmíràn ní ibùsùn ilé àwọn arúgbó títí di ọ̀sán ọjọ́ náà. Mo bi í bóyá ọkọ̀ ilé ìwòsàn lè gbé Ẹ̀gbọ́n wálé. Ó ní ẹni tó ń bọ̀ lọkọ̀ àwọn ń gbé, ẹni tó ń lọ á wá ọ̀nà tirẹ̀. Ti takisí, Ẹ̀gbọ́n ní bí àwọn ò bá lè wọ ti àbúrò àwọn, kí ni àwọn fẹ́ lọ ṣe nínú ti ẹni tí àwọn ò mọ̀ rí.

Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́. Mo mọ ọkọ mi. Bí Ẹ̀gbọ́n bá lọ sílé yẹn, á pa ilẹ̀kùn yàrá náà dé, kò sì ní ṣí i mọ́, gbogbo ọdún tó bá kù fún un láyé ni yóò máa gbọ́ igbe tó gbọ́ lọ́nà oníbíríkì.

Mẹkáníìkì tó mọ ọkọ̀ wa ti rìnrìn àjò, ó lọ wo ọmọ rẹ̀ tó bímọ, ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kó dé. Orí fóònù ló ti sọ ohun tó kú fún wa: ṣọ́ọ̀kì iwájú méjèèjì, àti apá irin méjì tó so táyà mọ́ ìdí ọkọ̀. Rọ́bà kan wà ní oríkèé apá náà tí wọ́n ń pè ní búṣì, ìyẹn ti gbó, ó ti fọ́ wẹ́wẹ́, irin ló ń lu irin. Ó ní ká dúró de òun.

Káfíńtà pa fóònù. "Oríkèé ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà," ló wí. "Ta ló mọ oríkèé jù mí lọ?"

Àwọn ìgbà kan wà tí tíṣà máa ń dákẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè rí nǹkan fúnra rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, ó gbé ọkọ̀ sórí sìmẹ́ńtì iwájú ilé, ó fi igi tó gé ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ há táyà ẹ̀yìn kó má baà yí. Ó fi jáàkì gbé iwájú sókè, ó to pákó nínípọn sábẹ́ rẹ̀ ní àtòkọjá, ó mì í, ó tún mì í, ó ní bí erin bá jókòó lé e, kò ní yẹ̀. Ní ti ìyẹn, mo gbà á gbọ́. Ó tú táyà. Bóòtù mẹ́ta gbọ́ràn, ẹ̀kẹrin ti dípẹtà mọ́ ibẹ̀, ó rọ epo sí i, ó fi páìpù mú ọwọ́ sípánà gùn, ó wá jókòó tì í bí ẹni tó ń tu ọmọ nínú. Ó tú nígbà tó wù ú. Nígbà tí àwọn rọ́bà àtijọ́ jáde, mo mú ọ̀kan lọ́wọ́, ó fọ́ sí mi láàárín ìka.

Nínú páálí àwọn apá tuntun tó rà, mo rí ìwé pélébé kan tó ní àwòrán. Mo fi hàn án.

"Bàbá wọn, ẹ jẹ́ n ka eléyìí fún yín."

"Tíṣà, ìwé kì í tú bóòtù," ló wí láti abẹ́ ọkọ̀. Ó nawọ́ gba ìwé náà, ó sì gbé agolo gírísì lé e. Mo bínú. Mo wọlé lọ ṣa aṣọ tí kò ní kí n ṣa òun.

Ká sọ tòótọ́, ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Àwọn ṣọ́ọ̀kì tuntun ti ní sípíríǹgì lára láti ilé ìtajà, wọ́n wọlé wẹ́rẹ́. Àwọn apá wọlé. Níwọ̀n bí ọkọ̀ sì ti wà lókè, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń rọ̀ dirodiro, ó wọ abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú sípánà àti páìpù, ó de bóòtù kọ̀ọ̀kan títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Nǹkan ò gbọ́dọ̀ kúrò lórí tábìlì láìfún. Ó dá táyà padà, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó nu ọwọ́, ó sì pè mí kí n wá wò ó.

Mo wò ó. Imú ọkọ̀ náà gbé sókè.

"Tuntun ni," ló wí. "Ó máa jókòó."

A wakọ̀ jáde. Kò dún gbì mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń ké. Bí a bá ti gun nǹkan kékeré, á ké gììì lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, ara rẹ̀ sì gan. Ní gegele tí wọ́n fi ń dín eré ọkọ̀ kù níwájú ilé ìwé, ó sọ wá sókè, eyín mi pàdé. A ò dé òpópónà kejì tó fi yípo padà.

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ilé pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ tó dúdú, kò wẹ̀ ẹ́. Mo gbé oúnjẹ fún un, ó ní kí n bò ó. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó ní òun máa ta ọkọ̀ náà.

"Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́," mo ní.

"Tíṣà, mo fi ohun tuntun sí i, ó burú ju ti àtijọ́ lọ. Èmi. Mo ti ṣe ilẹ̀kùn ilé ìjọsìn, mo ti ṣe àga ilé ẹjọ́." Ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Ọ̀la la máa lọ sọ fún wọn pé kí wọ́n máa lọ sílé àwọn arúgbó. Mi ò ní gbé wọn sínú ohun tó máa tún jẹ́ kí wọ́n ké."

Mo jókòó tì í, mo bá a fi ọṣẹ àti yanrìn wẹ ọwọ́ náà ní ìka kọ̀ọ̀kan.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sọ́ńdè, a wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé ìwòsàn. Ẹ̀gbọ́n wà lẹ́bàá fèrèsé, wọ́n ti gba síkẹ́ẹ̀tì nọ́ọ̀sì kan tí etí rẹ̀ tú, wọ́n ń rán an. Iṣẹ́ ò kọ ibùsùn.

"Ọkọ̀ ńkọ́?" wọ́n bi í kí a tó jókòó tán.

Ọkọ mi wo ilẹ̀. "Mo ti pààrọ̀ gbogbo ẹ̀, títí kan rọ́bà oríkèé ẹ̀, Ẹ̀gbọ́n mi. Ṣùgbọ́n ó ń ké, ó sì gan ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Imú ẹ̀ gbé sókè. Mi ò mọ ohun tí mo ṣe sí i."

"Báwo lo ṣe dè é?"

"Mo dè é dáadáa."

"Mo mọ̀ pé o dè é dáadáa. Ta ló há sílé ìgbọ̀nsẹ̀ yín lọ́jọ́sí, bí kì í bá ṣe èmi? Mo ní nígbà tó o ń dè é, ṣé ó dúró ni àbí ó ń rọ̀?"

"Ó ń rọ̀. Orí igi ló wà. Tó bá wà nílẹ̀, ibo ni mo fẹ́ gbà wọ abẹ́ ẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n gbé síkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Wọ́n yíjú sí mi. "Ìyàwó wa, o gbọ́ nǹkan tí ọkọ ẹ ṣe? Ó ká etí ṣòkòtò lára ẹni tó rọ̀ mọ́gi. Tí ẹni náà bá wá bọ́ sílẹ̀ tó dúró, kí ló máa ṣe ṣòkòtò?"

"Á fà á," mo dáhùn bí ọmọ ilé ìwé.

"Á fà á. O ní rọ́bà ló wà níbẹ̀. Rọ́bà tó o dè mọ́ bó ṣe rọ̀, tí ọkọ̀ bá gbé gbogbo ara jókòó lé e, ṣé kò ní lọ́ ni? Kí ló fẹ́ ṣe tí ò ní ké?" Wọ́n wo àbúrò wọn. Ojú wọn rọ̀. "Kékeré, kí ni mo máa ń sọ fún ẹ?"

Ọkọ mi gbójú sókè wò wọ́n. "Fẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀."

"Ẹn-ẹ́n. Jẹ́ kó fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ ná. Lẹ́yìn náà ni kó o wá dè é."

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ìyá tí kò wakọ̀ rí, tí kò mọ ibi tí wọ́n ń bu epo sí. Nínú bọ́ọ̀sì tá a wọ̀ padà, ọkọ mi ń mi orí ṣáá. Nígbà tó yá, ó ní, "Nínú iṣẹ́ igi, oríkèé tó bá mì ti bàjẹ́ nìyẹn. Tọkọ̀, kó lè máa mì ni wọ́n ṣe ṣe é." Ohun tó kọ́ lẹ́ni ọdún mẹ́fà ló gbàgbé lẹ́ni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo sì fẹ́ sunkún.

Bá a ṣe délé, kó tó bọ́ bàtà, mo lọ fa ìwé pélébé yẹn yọ lábẹ́ agolo gírísì. Mo nù ún. Àwòrán keje nìyẹn: táyà wà nílẹ̀, ilé kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti fi hàn pé ilẹ̀ ni, sípánà sì wà lórí bóòtù. Mo gbé e síwájú rẹ̀, mi ò sọ nǹkan kan. Dídákẹ́ yẹn dùn mọ́ mi púpọ̀.

"Tíṣà, o ṣeun," ló wí. Lọ́dún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, mo lè ka iye ìgbà tó ti sọ bẹ́ẹ̀ nípa ìwé.

Ó tú àwọn bóòtù náà díẹ̀. Ọ̀rọ̀ bí á ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tó fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ wá kù, ìyẹn sì ni ọ̀rọ̀ káfíńtà. Ó kan pákó mẹ́rin tó fẹ̀, tó sì nípọn, ó tẹ́ wọn sábẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọkọ̀ wá dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni tó wọ bàtà gíga. Ó ní kí n wọlé jókòó sẹ́yìn níbi tí Ẹ̀gbọ́n máa jókòó sí.

"Kí ni mo fẹ́ ṣe níbẹ̀?"

"Ìwọ̀n ẹ la fẹ́."

Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń fi ara tí mo san ṣẹ̀fẹ̀, ọjọ́ yẹn ló wúlò fún un. Mo jókòó. Ó tẹ iwájú ọkọ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó jẹ́ kó jókòó bó ṣe wù ú, ó wá yọ́ wọ abẹ́. Mo ń gbọ́ ọ. Kò kùn, kò fi páìpù mú sípánà gùn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Nígbà tó jáde, imú ọkọ̀ ti wálẹ̀. A wà á lọ sí iwájú ilé ìwé, a gun gegele yẹn lọ, a gùn ún bọ̀. Ó gbé wa sókè díẹ̀, ó sì gbé wa kalẹ̀. Kò ké. Ọkọ mi ò yípadà, ó tẹ̀ síwájú lọ sí ọ̀nà oníbíríkì, ó sì ń sọ̀rọ̀ fún mi ní gbogbo ìgbà tá a fi wà lójú ọ̀nà náà. Mi ò rántí ohun tó ń sọ. Mo kàn mọ̀ pé ó ń sọ̀rọ̀, ara sì tù mí.

Ní aago mẹ́wàá ọjọ́ Mọ́ńdè, àwọn nọ́ọ̀sì méjì gbé Ẹ̀gbọ́n sínú ọkọ̀. Mo jókòó tì wọ́n, ìrọ̀rí kan wà lábẹ́ itan wọn, òmíràn lẹ́yìn wọn. Ẹ̀gbọ́n ti sọ fún nọ́ọ̀sì àgbà pé kó má tíì pa orúkọ wọn rẹ́. Wọ́n ní àwọn á dé gegele ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, bí àwọn bá ké, kí wọ́n máa gbé kẹ̀kẹ́ bọ̀. Káfíńtà gbọ́ ọ. Mo rí ọrùn rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó le bí pákó.

Ẹ̀gbọ́n fi etí gèlè wọn sẹ́nu, wọ́n fi eyín dì í mú, wọ́n sì di ọwọ́ mi mú. A gun gegele náà. A sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n yọ gèlè lẹ́nu, wọ́n wò ó bí ẹni pé òun ló tàn wọ́n jẹ.

"Máa lọ," wọ́n ní.

A ń lọ. Láàárín ìgbà díẹ̀, ọwọ́ tó di tèmi mú dẹ̀. Mo wo ojú wọn. A ò tíì dé ọ̀nà oníbíríkì nígbà náà. Nígbà tí a sì dé ibẹ̀, ọkọ mi ń rọra wọ kòtò, ó ń rọra jáde, kò sọ ọ̀rọ̀ kan. Ó ń fi díńgí wò mí.

"Ṣé ó ń dùn wọ́n ni?" ló bi mí ní ohùn kékeré. "Tíṣà, kí ló dé tí wọ́n dákẹ́?"

"Wọ́n ti sùn," mo ní.

Kò gbà gbọ́. Ó dẹsẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, láàárín àwọn kòtò yẹn gan-an, ó yíjú padà. Ẹ̀gbọ́n ya ẹnu díẹ̀, orí wọn fara ti èjìká mi, wọ́n ń hanrun. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún wa pé láti ọ̀sẹ̀ márùn-ún, wọn ò sùn ju wákàtí méjì lọ lẹ́ẹ̀kan náà rí.

Nígbà tá a délé, ó pa ọkọ̀, kò sì jẹ́ kí n jí wọn. A ṣí ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí afẹ́fẹ́ wọlé. A jókòó bẹ́ẹ̀ níwájú ilé ara wa fún ohun tó ju wákàtí kan lọ, èjìká mi kú tipiri, mi ò mì. Àwọn aládùúgbò ń kọjá, ó ń gbé ìka sẹ́nu fún wọn.

Ẹ̀gbọ́n lajú. Wọ́n tún di ọwọ́ mi mú gírígírí.

"Kékeré, kí ló dé tó o dúró? Ṣé a ò tíì dé ọ̀nà oníbíríkì yẹn ni?"

"A ti kọjá ẹ̀, Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí. "Ilé la wà." Ó wá gbé orí lé ìdarí ọkọ̀, ó sunkún, kò sì fi pa mọ́.

Ẹ̀gbọ́n na ọwọ́ síwájú, wọ́n gbé e lé e lẹ́yìn. Wọ́n jẹ́ kó sunkún tán. Nígbà náà ni wọ́n ní ká wá gbé àwọn kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ sìmẹ́ńtì iwájú ilé wa, wọ́n dúró lé e wò, wọ́n sì ní ó dára. Mo mú fóònù, mo pe nọ́ọ̀sì àgbà, mo ní kó fún ẹlòmíràn ní ibùsùn náà.